Ológbò Tó Dúró Ti Abọ́ Tí Kò Jẹun

Ẹni tó bá ń sin ológbò mọ irú àárọ̀ yìí. Ẹja ti wà nínú abọ́, a ti pè é, ó sì ti wá. Ó na ọrùn sí oúnjẹ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbójú sókè wo ẹni tó gbé e fún un, ó sì yí padà lọ jókòó sábẹ́ àga. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Abẹ́òkúta, láti Aké dé Ọbáńtokò, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa sọ: "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, eku ló ti jẹ yó. Bí ebi bá pa á dáadáa, á jẹ ẹ́." Ajá lè fara da irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ológbò kò lè fara dà á. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni kò ní jẹ́.

Bó ṣe rí nìyí. Bí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, ara ológbò á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá tó ti kó pamọ́, á máa kó o lọ sínú ẹ̀dọ̀ kí ẹ̀dọ̀ sọ ọ́ di agbára. Ẹran pọ́ńbélé ni ara ológbò gbára lé lójoojúmọ́, àwọn èròjà inú ẹran náà ló sì fi ń kó ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀dọ̀. Bí kò bá jẹun, ọ̀rá á máa wọlé, kò ní máa jáde, ẹ̀dọ̀ á wú, iṣẹ́ rẹ̀ á sì dojú rú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 2 sí 3 péré, pàápàá lára ológbò tó sanra, èyí tí gbogbo ilé rò pé ó ní ọ̀rá tó lè gbé e ró. Ojú funfun rẹ̀ àti erìgì rẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni pé ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn máa ń jẹ́ kí èébì máa gbé ẹranko. Ebi tí a ní kó lé e wá sídìí abọ́ ló tún padà ń lé e kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, aago ni ká kọ́kọ́ wò. Ológbò àgbà tí kò fi nǹkan kan kan ẹnu fún wákàtí 24, ẹ pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù méjì, ẹ má jẹ́ kó tó wákàtí 12, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tètè máa ń lọ sílẹ̀, ara rẹ̀ á sì tutù. Èyí tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò jẹ tó ìdajì ohun tó máa ń jẹ, tó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀kan náà ni òun àti èyí tí kò jẹ rárá. Àwọn ènìyàn kì í ka irú èyí sí, torí pé abọ́ kì í kún dé òkè lọ́wọ́ alẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó pààrọ̀ oúnjẹ, kó jókòó ti abọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó máa wò. Ìbéèrè kan ló yẹ kí ìjókòó náà dáhùn: ṣé kò fẹ́ jẹ ni, àbí ó fẹ́ jẹ ṣùgbọ́n kò lè jẹ? Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí kò fẹ́ jẹ kì í wá sídìí abọ́, tàbí kó wá, kó lá ètè rẹ̀, kó gbé itọ́ mì léraléra, kó sì kúrò. Èébì ló ń gbé e tàbí inú ń run ún, bí kò bá jẹ́ ibà. Èyí tó fẹ́ jẹ tí kò lè jẹ máa ń sáré wá. Á ké bí ẹ ti ń ṣí ìkòkò. Á bu ẹja kan, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò dùn ún rún un, ẹja á já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, á tún un gbé, á sì ṣàdédé figbe ta, á sá kúrò bí ẹni pé abọ́ ló gbá a. Òmíràn á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú ha ẹ̀rẹ̀kẹ́. Itọ́ á máa ṣe dírodíro ní àgbọ̀n rẹ̀, ìgbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti òórùn. Ẹnu tàbí ọ̀fun ni kí ẹ wò fún irú èyí, ẹ fi ikùn sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta tún wà: èyí tó jẹ dáadáa tí oúnjẹ sì padà jáde. Bí ó bá jáde láìpẹ́ sí ìgbà tó jẹ ẹ́, láìjẹ́ pé ikùn rẹ̀ sún kì, tí oúnjẹ náà ṣì rí gbọọrọ bí ọ̀pá, ọ̀nà ọ̀fun ni kò jẹ́ kó kọjá. Bí ikùn bá ń sún kì kó tó bì, tí omi àwọ̀ ìyeyè bá sì bá a jáde, láti inú ikùn ni. Ẹ sọ irú èyí tó jẹ́ fún dókítà, iṣẹ́ rẹ̀ á dínkù.

Ní ti yíyẹ ẹnu wò, ìkìlọ̀ kan ló ṣáájú. Ológbò tí kò gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tó ṣàdédé yí ìwà padà, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí, tí kò lè gbé nǹkan mì, tàbí tí ajá tí a kò mọ̀ bù jẹ láìpẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ tì í mọ́ yàrá kan, ẹ pe dókítà. Bó bá ti ha ènìyàn tàbí bù ú jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí ojú ọgbẹ́ náà kéré tó.

Bí kò bá sí ìfura yẹn, ẹ gbé e lọ síbi ojú fèrèsé lójú mọmọ. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé e títí dé ọrùn kí èékánná rẹ̀ má lè jáde, kí ẹnì kan gbá a mọ́ àyà. Ẹnì kejì á gbé ọwọ́ òsì lé e lórí láti òkè, àtàǹpàkò ní eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ìka àárín ní ìkejì. Ẹ gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ là fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìka ọwọ́ ọ̀tún tẹ àwọn eyín wẹ́wẹ́ iwájú ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ ní, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ẹ wo àjà ẹnu, ẹ wo àárín eyín ẹ̀yìn, ẹ sì fi àtàǹpàkò ti abẹ́ àgbọ̀n sókè láàárín eegun rẹ̀ méjèèjì kí ahọ́n lè gbé sókè. Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni abẹ́ ahọ́n, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí àwa ará Abẹ́òkúta máa wò jù lọ.

Àdìrẹ la ń ṣe níbí. Ní Ìtòkú àti gbogbo àyíká rẹ̀, òwú àti ìko kì í wọ́n nílẹ̀. Oníko ni wọ́n fi ìko so, alábẹ́rẹ́ ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán kí wọ́n tó rì í sínú aró. Bí aṣọ bá gbẹ, wọ́n á tú òwú náà, èyí tó já á sì bọ́ sílẹ̀. Ológbò fẹ́ràn ohun tó bá ń wọ́ nílẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun, nítorí náà òwú tó bá ti kọ́ ahọ́n kì í tètè padà síta, ńṣe ló ń wọlé sí i. Orí òwú lè lọ́ mọ́ ìdí ahọ́n, kí ìyókù gba ọ̀fun kọjá sínú ìfun. Ìfun á máa gbìyànjú láti tì í síwájú, òwú kò ní lọ, ìfun á sì máa ká jọ sórí rẹ̀ wìnnìwìnnì. Ẹni tó bá ti rí aṣọ alábẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa òwú rẹ̀ le, bí aṣọ náà ṣe ń sún jọ tí ó ń kúrú, ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ológbò náà. Bí ẹ bá rí òwú lábẹ́ ahọ́n tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má fà á. Òwú tó le tantan bẹ́ẹ̀ lè gé ìfun bí ayùn. Ẹ má ge é pẹ̀lú, kí ẹ má fún un ní oúnjẹ kankan. Iṣẹ́ abẹ ni, ọjọ́ náà gan-an ni, kì í ṣe ọ̀la. Ilé télọ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, abẹ́rẹ́ wọn a sì tún máa bá òwú lọ.

Egungun ẹja rọrùn ju ìyẹn lọ. Egungun gígùn máa ń há gbàgbà sí àjà ẹnu, orí rẹ̀ kan lára eyín ọ̀tún, èkejì lára eyín òsì, ológbò á sì máa fi ọwọ́ ha ẹnu bí ẹni tí oyin ta. Bí ẹ bá rí gbogbo rẹ̀ kedere, tí kò wọ inú ẹran ara, ẹ lè fi twíìsà tí orí rẹ̀ kò mú yọ ọ́, kí ẹnì kejì di orí mú. Bí kò bá kúrò lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ fún dókítà. Ẹ má ṣe fi òkèlè láfún tì í wọlé bí a ti ń ṣe fún ara wa. Egungun tó wà lẹ́nu ṣeé yọ, àmọ́ èyí tí òkèlè bá tì wọ ọ̀fun lè dá ọgbẹ́ síbẹ̀.

Eyín ló kàn. Eyín 30 ni ológbò àgbà ní. Bí erìgì bá pupa fòò ní ìdí eyín ẹ̀yìn, tí nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ bá le mọ́ eyín, tí ẹnu ń rùn, ìrora ni kò jẹ́ kó jẹun. Òmíràn wà tí eyín ń jẹ ara rẹ̀ láti ìdí, ihò kékeré pupa ní ibi tí eyín ti pàdé erìgì, ó sì dun ológbò gidigidi. Kò sí oúnjẹ tó máa wo ìyẹn, yíyọ ni wọ́n máa yọ ọ́. Títí di ìgbà náà, oúnjẹ rírọ̀ bí ọ̀gì ni kí ẹ fún un. Ọmọ ológbò tó wà láàárín oṣù mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́fà ń pààrọ̀ eyín ni. Ó lè jẹun lọ́ra fún ọjọ́ díẹ̀, kò yẹ kó dáwọ́ dúró pátápátá.

Ìgbà ọyẹ́ ní tirẹ̀, imú ni. Imú ni ológbò fi ń dá oúnjẹ mọ̀. Bí imú bá dí, ẹja kò yàtọ̀ sí òkúta lójú rẹ̀. Ọ̀fìnkìn ológbò, tó ń mú wọn sín, tó ń mú ojú wọn ṣomi, máa ń dí imú, irú kan nínú rẹ̀ sì tún máa ń dá egbò sórí ahọ́n. Ẹ se omi píọ̀wọ́tà kan, ìyẹn 50 cl, ẹ po iyọ̀ ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́rọ́, ẹ fi òwú rírọ̀ rì sínú rẹ̀ nu imú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi gbígbóná sínú korobá ní balùwẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí korobá jìnnà sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi rọ́ọ̀bù pa á nímú. Á lá a, kánfọ̀ inú rẹ̀ sì léwu fún un.

Oògùn ènìyàn tún ni mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ìfẹ́ ló ń mú ènìyàn ṣe é, ó sì ń pa ológbò. Parasitamó jẹ́ májèlé fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tó fi ń tú u, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á di aláwọ̀ ilẹ̀, erìgì á dúdú, ojú á wú. Hóró kan tó jẹ́ 500 mg lè pa ológbò àgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibuprofen. Bó bá jẹ́ ọtapiápiá tàbí eku tó jẹ májèlé ló jẹ, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fi tipátipá da epo pupa sí i lẹ́nu. Epo á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ẹran tó ì bá yè á fi ìyẹn kú. Ẹ mú paali tàbí ìgò májèlé náà dání, ẹ gbé e lọ kíá. Ọ̀pọ̀lọ́ ìgbà òjò náà lè mú itọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú jẹ, ẹ fi aṣọ tútù nu ẹnu rẹ̀ láti inú bọ́ síta, kí ẹ má da omi sí ọ̀fun.

Ológbò akọ ní ewu kan tó jọ àìjẹun lásán. Bó bá kọ oúnjẹ, tó ń lọ bẹ̀rẹ̀ léraléra níbi tó ti ń tọ̀, tó ń ké, tí kò sí ìtọ̀ tàbí tó kán díẹ̀, ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ti dí. Ó lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ má dúró de ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ẹnu bá mọ́, tí kò sí àmì ewu kankan, ẹ lè ràn án lọ́wọ́ nílé ní ọjọ́ kan yẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo abọ́ fúnra rẹ̀. Èèrà lè ti bò ó, ó sì dájú pé ológbò kò ní bá èèrà jà. Ẹ gbé abọ́ sáàárín àwo tó ní omi. Ike tó ti pẹ́ máa ń gbé òórùn ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, àwo tánganran fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tí kò jìn ló dáa, kí irun ẹnu rẹ̀ má máa ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí abọ́ jìnnà sí ibi tó ń yàgbẹ́, kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù March tí ooru ń jáde láti ara òkúta wa títí di alẹ́, ẹ fún un ní oúnjẹ kí oòrùn tó yọ àti lẹ́yìn tó bá wọ̀. Oúnjẹ tútù tó bá ti pé wákàtí kan nílẹ̀ nínú ooru yẹn, ẹ dà á nù.

Oúnjẹ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni igbáàyà adìyẹ tí a bọ̀ láìsí iyọ̀, àlùbọ́sà, ata tàbí Maggi. Àlùbọ́sà àti aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ológbò jẹ́, nítorí náà omi ọbẹ̀ wa kì í ṣe tirẹ̀. Ẹja Títù tí a bọ̀ dáadáa, tí a yọ gbogbo egungun rẹ̀, dára láti fi ṣí ìjẹun, torí òórùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́rọ́ tó nǹkan bíi 38°C, ìyẹn bí eku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ṣe máa ń gbóná. Ẹ fi èyí tó kéré bí orí ìka sí ètè rẹ̀ tàbí sí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kó lá a. Ẹ má da glúkósì tàbí ṣúgà sí i láti fi tàn án: ahọ́n ológbò kò mọ adùn. Mílíìkì máa ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ya ìgbẹ́ gbuuru. Láfún tí a fẹ́ràn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì ń kún ikùn rẹ̀ lásán ni, kò sí ohun tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń wá níbẹ̀. Bó bá ti yí orí kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé oúnjẹ kúrò, ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì. Abọ́ tó wà níwájú rẹ̀ látàárọ̀ á jẹ́ kó kórìíra oúnjẹ náà, ó sì lè má jẹ irú rẹ̀ mọ́ láéláé.

Nígbà mìíràn dókítà á ní kí ẹ fi sírínjì bọ́ ọ. Ẹ ra èyí tó jẹ́ 5 ml ní kẹ́mísì, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọ nù. Ẹ lọ 100 g ẹran adìyẹ bíbọ̀ pẹ̀lú omi tí ẹ fi bọ̀ ọ́ títí tí gbogbo rẹ̀ á fi tó 200 ml, ẹ sẹ́ ẹ kó má dí sírínjì. Ẹran yẹn ní nǹkan bíi kálórì 165, ológbò tó wọn kílò 4 sì ń lo nǹkan bíi 200 lóòjọ́ bó tilẹ̀ sùn ṣáá. Èyí tí kò tíì jẹun fún ọjọ́ mélòó kan kò gbọ́dọ̀ gba gbogbo kálórì 200 yẹn lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dojú rú: ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni lọ́jọ́ kìíní, ìyẹn bí 60 ml àpòpọ̀ náà tí a pín sí ìgbà mẹ́fà, 10 ml lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa fi kún un títí di ọjọ́ kẹrin. Ọjọ́ díẹ̀ ni àpòpọ̀ yìí wà fún, torí kò ní kálísíọ́mù tó.

Ọwọ́ tí ẹ fi ń bọ́ ọ ló ṣe kókó jù. Kí ológbò fi àyà lélẹ̀, kí ó kọjú síbi tí ẹ kọjú sí, kí orí rẹ̀ wà bó ṣe máa ń wà tó bá ń mu omi. Ẹni tó bá gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè ọ̀run ń da oúnjẹ sí ẹ̀dọ̀fóró ni. Ẹ ti orí sírínjì wọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, lẹ́yìn eyín gígùn ṣóńṣó, ibi tí àlàfo wà. Ẹ tẹ ìdajì ml, ẹ dúró títí ẹ ó fi rí i tí ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè sódò. Lẹ́yìn náà, ìdajì ml mìíràn. Bó bá wúkọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Bó bá ń bì tàbí kò lè gbé orí dúró, ẹ má bọ́ ọ rárá. Bó bá ń jà lójoojúmọ́, ẹ bi dókítà léèrè nípa rọ́bà oúnjẹ tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ó máa ń ba ènìyàn lẹ́rù láti rí, àmọ́ ológbò fara mọ́ ọn ju ìjà ìgbà mẹ́fà lóòjọ́ lọ.

Ní ti omi, ẹ fa awọ ara rẹ̀ sókè láàárín èjìká. Bí kò bá padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí erìgì sì ń lẹ̀ mọ́ ìka, omi ara rẹ̀ ti gbẹ, omi abẹ́ awọ tàbí ti ojú iṣan ló nílò. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú: ẹ gbé e dání gun òṣùwọ̀n, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tún gun un, ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní. Òṣùwọ̀n tó ń fi nọ́ńbà hàn ni kó jẹ́, kó lè fi ìyàtọ̀ kékeré hàn. Ológbò kílò 4 tó ti fi 400 g sílẹ̀ ti rù jù. Èyí tó ti dàgbà, tó ń mu omi púpọ̀, tó ń tọ̀ púpọ̀, tó sì ń rù, kíndìnrín rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, wà ní Alábàtà, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn díẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ láti Láfẹ́nwá. Ẹ má di ológbò sínú àpò lórí ọ̀kadà, ooru àti ẹ̀rù á fi kún àìsàn rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí tàbí páálí tí a lu ihò sí, tí a tẹ́ aṣọ tó ní òórùn ilé sí, tí a fi ìró bò lókè, ló dáa, kí ẹ sì jáde kí oòrùn tó mú. Ẹ kọ wákàtí tó jẹun gbẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ìgbà tó yàgbẹ́ tó sì tọ̀ kẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ èyí tó ń sáré wá sídìí abọ́ tí oúnjẹ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi fóònù ya fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn kí ẹ tó kúrò nílé. Lórí tábìlì dókítà, ńṣe ló máa ká jọ, kò ní sún mọ́ oúnjẹ kankan.